Ihò Àárọ̀, Òkìtì Ọ̀sán: Àkọsílẹ̀ Akọ Ọkọ̀ Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Bàjẹ́ Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún akọ ọkọ̀ náà, ìyẹn àwòṣe tí a ó fi ṣe mọ́ọ̀dù ọkọ̀, níbi tí imú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ibì kan wà tó fi ojú wa rí màbo fún ọjọ́ méje gbáko. Bí a bá fi ọwọ́ pa á láàárọ̀, ihò ni. A ó po fíílà, a ó dí i, yóò gan. Tó bá di ọ̀sán, ibẹ̀ kan náà á ti wú, a ó fi sáńpépà ha á títí tí yóò fi bá ara yòókù dọ́gba. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, ihò á tún ti padà síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ fáíbà, aṣọ okùn gíláàsì tí a ń fi ohun olómi rin kó lè gan, nígbà náà, n kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ohun tó fà á kéré bí orí ìṣó, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń fi fóòmù gbẹ́ akọ lè ṣe irú rẹ̀.

Alhaji kan láti Ẹ̀pẹ́ ló gbé iṣẹ́ náà wá. Ọkọ̀ ìpẹja mẹ́fà ló fẹ́, kí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14, kí abẹ́ rẹ̀ tẹ́jú díẹ̀ kó lè rìn níbi tí omi ọ̀sà kò ti jìn. Igi ni wọ́n fi ṣe èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù kí wọ́n tó lè tu ú jáde. Ṣọ́ọ̀bù wa wà ní Ìkòròdú, kò jìnnà sí ọ̀sà. Alhaji ní, "Ọ̀gá, mo fẹ́ kí ara rẹ̀ dán, kí ewé omi má máa rí ibi lẹ̀ mọ́." Mo ní, "Alhaji, ẹ fọkàn balẹ̀, yóò dán."

Ọkọ̀ mẹ́fà kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ gbẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mọ́ọ̀dù la máa ń ṣe fún un, kí mọ́ọ̀dù sì tó wà, akọ gbọ́dọ̀ wà. Akọ ni ohun tí a gbẹ́ kó rí gẹ́lẹ́ bí ara ọkọ̀ yóò ṣe rí níta. A ó fi wáàsì pa á, a ó tẹ́ fáíbà lé e lórí. Bí fáíbà náà bá gan tí a sì bọ́ ọ kúrò, òun ni abo, òun ni mọ́ọ̀dù. Inú mọ́ọ̀dù la ó ti máa yọ ọkọ̀ bí ẹní ń yọ mọ́ínmọ́ín nínú abọ́. Àpá tó bá wà lára akọ yóò wà lára mọ́ọ̀dù, yóò sì wà lára gbogbo ọkọ̀ tó bá ti ibẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbójú fo ihò kan ṣoṣo. Ihò kan lára akọ, ihò mẹ́fà lójú omi ni.

Ẹni tó bá ti se mọ́ínmọ́ín sínú agolo mílíìkì rí mọ̀ pé kì í fẹ́ jáde, nítorí ẹnu agolo kò fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Abọ́ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, gbígbọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ni. Bí ọ̀rọ̀ akọ ṣe rí náà nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dà sẹ́yìn, ó kéré tán dígíríì 2 tàbí 3, kò sì gbọdọ̀ sí ibì kankan tó wọnú tí fáíbà lè dì mú. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Alhaji dà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rù yẹn kò bà mí.

Fóòmù tí mò ń sọ yìí, kì í ṣe ti bẹ́ẹ̀dì. Èyí funfun tí wọ́n máa ń kó tẹlifíṣọ̀n sínú rẹ̀, tí ara rẹ̀ dà bí ẹyin ẹja tó lẹ̀ mọ́ra wọn, òun ni. Polystyrene ni orúkọ rẹ̀. Kò wọ́n, ó fúyẹ́, wáyà gbígbóná sì ń gé e bí ọ̀bẹ ṣe ń gé fùfú. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun olómi tí a fi ń ṣe iṣẹ́ wa, polyester, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ styrene ló wà nínú rẹ̀, ara styrene náà sì ni wọ́n ti mú fóòmù yìí jáde. Bí méjèèjì bá pàdé, fóòmù a yọ́ dànù. Ẹni tó bá ti da bẹntiróòlù sí i rí ti rí bó ṣe máa ń rí. Fóòmù mìíràn wà tó máa ń pọ́n díẹ̀, èyí tó máa ń wà nínú ògiri fíríìjì. Polyurethane nìyẹn, polyester kì í jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi wáyà gbígbóná gé e láyé, májèlé ni èéfín rẹ̀. Ayùn àti fáìlì ni tirẹ̀, pẹ̀lú ìbomú tó dára. Funfun ni mo rà fún ọkọ̀ yìí, nítorí òun ló wà nítòsí, ó sì pọ̀ tó.

A gé pílíwúùdù mẹ́wàá ní bátánì ikùn ọkọ̀, a tò wọ́n sórí tábìlì gbọọrọ kan tó tẹ́jú, a dojú ọkọ̀ dé, a sì fi fóòmù dí àárín wọn. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà la fi lẹ̀ ẹ́, nítorí gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà náà máa ń jẹ fóòmù. Mo kìlọ̀ fún àwọn ọmọọṣẹ́ pé kí gọ́ọ̀mù má dé etí, kó jìnnà sí ojú ibi tí a ó gbẹ́ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Gọ́ọ̀mù tó bá gan le ju fóòmù lọ. Bí sáńpépà bá dé ibẹ̀, fóòmù á lọ, gọ́ọ̀mù á dúró, ara akọ á wá máa rí bí ẹ̀yìn ọ̀nì.

Nígbà tí a gé e tán pẹ̀lú wáyà, a gbé pákó sáńpépà jáde. Pákó yìí ṣe pàtàkì ju sáńpépà fúnra rẹ̀ lọ. Tiwa gùn tó sẹ̀ǹtímítà 70, ó rọ̀ díẹ̀ kó lè tẹ̀lé bí ara ọkọ̀ ṣe tẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán mú sáńpépà, ihò ni yóò máa gbẹ́ láìmọ̀, nítorí ìka ọwọ́ máa ń wọ ibi tó rọ̀. Pákó gígùn orí òkìtì nìkan ló ń gbá. Ìdábùú la sì ń fà á, lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì, a kì í fà á lójú kan. Ọjọ́ mẹ́rin la lò nídìí èyí. Mo fẹ́ràn apá yìí púpọ̀. Ariwo kì í pọ̀, eruku funfun á bo gbogbo ilẹ̀, ọkọ̀ á sì máa yọjú díẹ̀díẹ̀ láti inú ohun tó jẹ́ bíríkì lánàá.

Ibi tí a ti ṣìnà ni ibi tí a ti bo fóòmù lára.

Epoxy, ohun olómi mìíràn tó máa ń gan bíi polyester, ló yẹ kí a fi bò ó. Epoxy kò ní styrene nínú, kì í sì í jẹ fóòmù funfun. Burt Rutan, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ọkọ̀ òfurufú VariEze tó kọ́kọ́ fò ní 1975, wáyà gbígbóná ló fi gé fóòmù ìyẹ́ rẹ̀, epoxy àti aṣọ fáíbà ló sì fi bò ó. Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọọṣẹ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n owó gálọ́ọ̀nù epoxy kan lásìkò yẹn tó ra polyester mẹ́ta ní ọjà kẹ́míkà Ọjọ́ta, Alhaji sì ti dúnàádúrà títí tí èrè fi fẹ́ẹ́lẹ́. Mo wá lo ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. A po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ POP, a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta kó di ìbòrí láàárín fóòmù àti polyester. Lẹ́yìn náà ni a tẹ́ máàtì fáíbà fẹ́ẹ́rẹ́ kan lé e, a fi polyester rin ín. Ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kò gba àṣìṣe kankan, ibi tí ojú abẹ́rẹ́ kan bá wà, polyester á wọlé.

A fi fíílà lé e, a bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ibẹ̀ ni ihò àárọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo ní fíílà ló sún kì. Fíílà máa ń sún kì lóòótọ́ bó bá ń gan. A tún dí i. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ní hádínà, ohun tí a ń pò mọ́ fíílà kó lè gan, ló kéré. Ní ọjọ́ kẹfà, mo bínú sí ọmọọṣẹ́ mi àgbà, ẹni tó ń ha ẹ̀gbẹ́ yẹn. Mo ní ó ń tẹ ọwọ́ mọ́ pákó jù, ó ń gbẹ́ ihò fún wa. Ó ní, "Ọ̀gá, mo fi igi gbọọrọ wò ó kí n tó lọ sílé lánàá. Ó dọ́gba. Ẹ bi àwọn yòókù." Mo ní, "Kí ló wá gbẹ́ ihò síbẹ̀ lóru, eku?" Kò fèsì mọ́. Mo gba pákó lọ́wọ́ rẹ̀, mo ha á fúnra mi ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Mo fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wé ọwọ́, mo pa omi sí i, mo dijú, mo fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó láti imú dé ìdí. Ọ̀rá yẹn kì í jẹ́ kí ọwọ́ há, ọwọ́ sì máa ń rí ohun tí ojú kò lè rí. Ó dọ́gba pátápátá. Nígbà tí mo dé ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ keje, ihò wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọmọ náà kò jẹ̀bi.

Ọjọ́ yẹn ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan akọ náà. Mo gbé àpótí jókòó tì í. Mo fi igi gbọọrọ tó tọ́ lé ibẹ̀, mo ń wo àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Aago méje, àlàfo náà tó mílímítà 3. Oòrùn máa ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ṣọ́ọ̀bù wa, níbi tí kò sí ògiri. Aago mẹ́wàá, oòrùn ti dé ara akọ, àlàfo kò ju mílímítà 1 lọ. Aago méjìlá, kò sí àlàfo mọ́. Aago méjì ọ̀sán, igi náà ń mì lórí rẹ̀ bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn jù. Nǹkan ń mí lábẹ́ ibẹ̀. Oòrùn ń mú afẹ́fẹ́ kan wú nínú rẹ̀, òtútù òru sì ń mú un sún kì. Àwa ń dí i nígbà tó rì, a ń ha á nígbà tó wú, a ò rí ara rẹ̀ gan-an rí.

Mo mú dírìlì, mo lu ihò fínníngín kan sí i. Ó mí síta, "fììì," òórùn styrene sì gbá mi nímú bí ẹni ṣí gálọ́ọ̀nù polyester tuntun. Àyà mi já. A fi gíráíńdà gé ibẹ̀ bí fèrèsé. Inú rẹ̀ ṣófo. Ihò tó lè gba àgbọn odindi kan wà níbẹ̀, fóòmù tó kù ní etí rẹ̀ ti di nǹkan tó ń fà bí ilá, tó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Lórí gbogbo rẹ̀, fáíbà wa tí kò nípọn tó mílímítà kan ló nà bí awọ ìlù.

Ó le fún àwọn ọmọ láti gbà pé ìwọ̀nba polyester díẹ̀ ló jẹ ibi tó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fóòmù yìí, ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ afẹ́fẹ́ ni. Bí ẹ bá yọ́ ìkúùkù kan, ohun tó kù kò kún ṣíbí. Polyester tí a fi rin máàtì kò sì í gan lójú ẹsẹ̀. Láàárín ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n tó fi jẹ́ olómi, ó ti rí ibi wọ̀, ó ti ń jẹun. Styrene tó há sábẹ́ ibẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, ó ń bá fóòmù lọ díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn bá ti ràn.

Mo wá fi ìdí sukudiráfà kan gbogbo ara akọ, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ibi tó dára á dún "kì, kì," á kú sínú. Ibi tó ṣófo á dún "kò, kò," bí ẹni kan ìlẹ̀kùn ilé tí kò sí ènìyàn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì yí àwọn tó ṣófo ká. Márùn-ún ni wọ́n. Mo sún sẹ́yìn láti wò wọ́n, ibẹ̀ ni ojú ti wá tì mí. Ọ̀tún ni gbogbo wọn wà, orí ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n sì tò sí láti imú dé ìdí.

Mo mọ ìlà yẹn. Èmi ni mo fà á. Lẹ́yìn tí a kun POP tán tó gbẹ, mo fẹ́ tún wo bí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ṣe tẹ̀, mo fi ìṣó kéékèèké kan igi tín-ín-rín mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo wò ó, ó tẹ́ mi lọ́rùn, mo fa igi náà yọ pẹ̀lú ìṣó rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì, ojú lásán ni mo fi wò ó. N kò padà dí ojú ìṣó yẹn. Àwọn kan nínú wọn dí fúnra wọn, márùn-ún kò dí.

Mo pe ọmọọṣẹ́ mi lójú gbogbo àwọn yòókù, mo fi ìlà ṣọ́ọ̀kì hàn án, mo ní, "Ìwọ kọ́, èmi ni. Má bínú." Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, kò tó bẹ́ẹ̀." Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lọ́jọ́ kẹfà yẹn, àwọn kékeré gbọ́ ọ, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ èyí náà.

Mo pe Alhaji pé ọjọ́ yóò yẹ̀. Kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó gbà. Mo ra epoxy tí mo ń sá fún.

A gé ibi márààrún ṣí, a sì ha gbogbo ohun tó ń fà bí ilá kúrò títí a fi kan fóòmù tó gbẹ. Ọjọ́ méjì ni a fi fáànù fẹ́ ẹ kí òórùn styrene tó kúrò. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí bí ẹ bá sé e mọ́nú, yóò tún bẹ̀rẹ̀. A gé fóòmù tuntun kó bá ihò kọ̀ọ̀kan mu, a fi epoxy tí a po mọ́ pọ́dà tákì rọ́ ọ sínú, a sì fi aṣọ fáíbà méjì pẹ̀lú epoxy bo ojú rẹ̀, kó kọjá etí ihò ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́. Epoxy máa ń sun nǹkan kan tó dà bí ọ̀rá sójú bó bá ń gan, àgàgà lásìkò òjò. Sáńpépà kì í mú un kúrò, ṣe ló máa ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Omi àti kànrìnkàn la kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, ó gbẹ, kí a tó ha á. Bí a bá gbójú fo ìyẹn, fíílà àti gelcoat, polyester tó nípọn tó máa ń jẹ́ ojú mọ́ọ̀dù, kò ní gan dáadáa lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, mo jókòó tì í fún odindi ọjọ́ kan pẹ̀lú igi gbọọrọ mi, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò mí mọ́.

Dídán rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. A fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ oníhádínà sí i, a wá fín ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ bí eruku lé e. Bí pákó bá kọjá, ibi tí dúdú bá kù, ihò ni, ibi tó bá tètè lọ, òkìtì ni. Sáńpépà 240 la fi bẹ̀rẹ̀, a gun 320, 400, 600, 800, títí dé 1000 pẹ̀lú omi. A kì í fo nọ́ńbà, nítorí àpá 240 kì í gbọ́ ti 800. Ní alẹ́, mo tan iná gílóòbù gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bu omi sí i, mo ń wo bí ìlà ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sáré lára rẹ̀. Níbi tí ìlà bá ti wọ́, iṣẹ́ kù. A dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kí tínà inú ọ̀dà tó jáde tán. Wáàsì ẹ̀ẹ̀mẹfà, wákàtí kan láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ mọ́ kí a tó fín PVA, ohun olómi tó máa ń gbẹ di awọ fẹ́ẹ́rẹ́ kí mọ́ọ̀dù má baà lẹ̀ mọ́ akọ. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, PVA kọ̀ kò gbẹ, a dúró di ọ̀sán ọjọ́ kejì. N kò kánjú mọ́.

Gelcoat lọ lẹ́ẹ̀mejì. Máàtì fẹ́ẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lọ nìkan, a jẹ́ kó sùn kó gan kí èyí tó nípọn tó tẹ̀lé e, torí bí a bá tẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ooru rẹ̀ á rọ akọ, àwòrán máàtì á sì hàn lójú mọ́ọ̀dù. Cobalt, èyí tó ń jẹ́ kí hádínà tètè ṣiṣẹ́, ti wà nínú polyester fún wákàtí kan kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé hádínà wá sítòsí. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ní tààrà lè fi ìbúgbàù ba ojú ara rẹ̀ jẹ́, a kì í ṣeré pẹ̀lú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa. A de férémù igi mọ́ ẹ̀yìn mọ́ọ̀dù kí a tó bọ́ ọ, kó má baà lọ́.

Ọjọ́ tí a bọ́ ọ, a fi igi ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ sí etí rẹ̀ yí ká, a fi họ́ọ̀sì tú omi sí àárín kí PVA yọ́. Ó dún "pòò" lẹ́ẹ̀kan, ó tú sílẹ̀. A yí mọ́ọ̀dù sójú, a fọ̀ ọ́, mo tan iná gílóòbù. Ní ojú ihò àgbọn yẹn, òjìji kan wà tó fẹ́ẹ́rẹ́, etí aṣọ fáíbà tí a fi dí i ni. Sáńpépà 1000 àti omi, kò tó wákàtí kan, ó parẹ́.

Nígbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde, Alhaji fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti imú dé ìdí, òun náà dijú. N kò sọ fún un pé kó dijú.

Akọ mìíràn wà lórí tábìlì wa báyìí, ọkọ̀ tó gùn ju ti Alhaji lọ. Epoxy la fi bò ó. Bí mo ti fa igi ìwọ̀n kúrò lára rẹ̀ lánàá, ọmọọṣẹ́ mi ti dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú agolo epoxy kékeré àti igi ìṣáná, ó ń kán an sí ojú ìṣó kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ yìí, kí n tó dé, ó ti mú ìdí sukudiráfà, ó ti kan gbogbo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.